Jẹ́bà: Erékùṣù tí àwọn oníṣòwò Ìlọrin ń sáré kọjá

Bí èèyàn bá bi àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Táíwò, tàbí àwọn tó ń tajà ní Ọjà Ọba àti Ìpàta n'Ílọrin, pé ìgbà wo ni wọ́n sinmi gbẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ wọn ni yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Iléyá, ọjọ́ Ìtunu Ààwẹ̀, ọjọ́ tí ìbátan ń gbéyàwó, òun náà ni wọ́n ń pè ní ìsinmi. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀, nítorí owó ló ń ná wọn, ara kì í sì í balẹ̀ nídìí rẹ̀. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá gbòòrò díẹ̀ nínú wọn ló máa ń sọ pé lọ́jọ́ kan, òun yóò kó ìyàwó àtàwọn ọmọ lọ sí Dubai, tàbí Zanzibar, erékùṣù ilẹ̀ Tanzania tí àwọn tó ti débẹ̀ ń gbé fọ́tò rẹ̀ káàkiri orí fóònù.

Ọjọ́ kan náà ṣì ń bọ̀ o. Àmọ́ láti oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, CBN, yọwọ́ nínú dídi iye náírà mú, ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Dọ́là kan tí báńkì ń ṣẹ́ ní nǹkan bíi 460 náírà ṣáájú ìgbà náà ti kọjá 1,500 náírà kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí. Oníṣòwò tó ti fi mílíọ̀nù kan náírà pamọ́ fún ìrìn-àjò lè fi ra bíi 2,170 dọ́là tẹ́lẹ̀. Nígbà tí dọ́là di 1,500, owó kan náà kò ju nǹkan bíi 667 dọ́là lọ. Kò ná an, ẹnikẹ́ni kò jí i, síbẹ̀ ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ti lọ.

Erékùṣù kan wà ṣá, tí kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ wá dọ́là tàbí físà. Àwọn oníṣòwò Ìlọrin tó ń lọ ra ọjà lókè ọya mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí wọn kì í lọ kí wọ́n má kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n á dúró ra ẹja, wọ́n á wo odò lójú fèrèsé mọ́tò, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ. Erékùṣù Jẹ́bà ni, tó wà láàrin Odò Ọya gan-an, tí ìpínlẹ̀ Kwárà wà níhìn-ín rẹ̀, tí ìpínlẹ̀ Niger wà lọ́hùn-ún.

Jẹ́bà kò jìnnà. Láti Ìlọrin síbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju 100 kìlómítà lọ. Ẹni tó bá wọkọ̀ ní páákì Màrábà yóò gba Òkè-Oyì, yóò kọjá ní Olóòru àti Bódè Sáádù tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Mórò, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn òkè olókùúta tó sé odò náà mọ́ ọ̀tún àti òsì. Yorùbá wà nílùú náà, Tápà wà níbẹ̀, Hausa wà níbẹ̀, àti oríṣiríṣi èèyàn tí iṣẹ́ ojú irin àti iṣẹ́ ìjọba kó wá. Àwọn Tápà ló mọ omi náà ju gbogbo wọn lọ, nítorí orí rẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí.

Ohun tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀ kó tó gbéra ni pé Jẹ́bà kì í ṣe Zanzibar. Kò sí yanrìn funfun etí òkun níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò gbé ọsàn fífún wá fún un lábẹ́ agbòòrùn. Abúlé àwọn apẹja ni, òkúta ni, àfárá ni, omi sì ni. Ẹni tó bá ń wá ariwo yóò padà ní ọjọ́ kejì. Àmọ́ ẹni tí etí rẹ̀ ti kún fún jẹnẹrétọ̀ àti híhàn fèrè mọ́tò láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá, tó kàn fẹ́ jókòó síbi tí atẹ́gùn odò ti ń fẹ́, kó jẹ ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, kí ó sì fi ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló ń wá.

Ìtàn ló pọ̀ jù lọ nínú ohun tí Jẹ́bà ní láti tà, ìtàn náà sì kan Ìlọrin pẹ́kípẹ́kí.

Òkúta gàgàrà kan wà láàrin odò nítòsí ìlú náà, Ketsa lorúkọ rẹ̀, òun ni àwọn òyìnbó ń pè ní Juju Rock. Nígbà tí Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John fi ọkọ̀ onígi wá látòkè ní ọdún 1830, tí wọ́n ń wá ibi tí odò náà ti wọ inú òkun, òkúta yìí wà lára ohun tó kọ́kọ́ yà wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn-àjò wọn. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, ọjọ́ keje oṣù Kẹwàá ọdún 1857, ọkọ̀ ojú omi òyìnbó kan tó ń jẹ́ Dayspring ń gòkè odò bọ̀ lábẹ́ àṣẹ Dókítà William Baikie. Omi gbé e, ó fi í lu òkúta nítòsí ibẹ̀, ọkọ̀ náà sì fọ́. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ fo sórí ilẹ̀, wọ́n pàgọ́ sétí odò, nǹkan bí ọdún kan gbáko ni wọ́n sì lò níbẹ̀ kí ọkọ̀ mìíràn tó wá kó wọn.

Èèyàn méjì tó bá ọkọ̀ náà rìn ni orúkọ wọn kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Èkínní ni Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, tó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Èkejì ni Glover, ọ̀gágun ojú omi tó wá di olórí ìjọba l'Ékòó lẹ́yìn náà, tí àwọn ará Èkó sọ gbọ̀ngàn lórúkọ rẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ àti ohun èlò tán ní àgọ́ wọn, Glover ló fẹsẹ̀ rìn láti Jẹ́bà lọ sí Èkó lọ kó òmíràn wá. Ọ̀nà wo ló gbà? Ìlọrin ni, ó gba ibẹ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kó tó forí lé ìsàlẹ̀. Àwọn Hausa tó ń sá kúrò lóko ẹrú bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e, inú irú wọn ló sì ti dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní Glover Hausas sílẹ̀ ní ọdún 1863. Ibẹ̀ gan-an ni iléeṣẹ́ ológun Nàìjíríà ti ń ka ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ títí di òní. Òkúta tó fọ́ ọkọ̀ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, òkúta náà ṣì wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti sọ ìtàn rẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Oṣù Kejì ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company wọ Ìlọrin pẹ̀lú ìbọn ńlá, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ ja Bídà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba òyìnbó kó ọmọ ogun WAFF dé sí Jẹ́bà, Lugard ni ọ̀gá wọn. Nígbà tí wọ́n kéde ìjọba Àríwá Nàìjíríà ní Lọ́kọ́ja ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1900, Jẹ́bà ni Lugard fi ṣe ibùjókòó rẹ̀ fúngbà díẹ̀, kó tó kó lọ sí Zungeru ní ọdún 1902. Èyí ni pé kí Kàdúná tó di nǹkan kan, ìlú tí àwọn awakọ̀ ń dúró ra ẹja gbígbẹ yìí ti ṣe olú ìlú fún gbogbo Àríwá rí.

Ojú irin ló tún wá tẹ̀ lé e. Ọdún 1908 ni irin dé Ìlọrin láti Èkó, ó sì dé etí odò ní Jẹ́bà ní ọdún 1909. Odò dá a dúró. Fún bí ọdún méje ni wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ ojú irin sínú ọkọ̀ ojú omi láti gbé e sọdá, títí àfárá fi parí ní ọdún 1916. Ọ̀nà méjì ni àfárá náà pín sí: irin kọ́kọ́ gba apá kan bọ́ sórí erékùṣù, ó wá gba apá kejì bọ́ sí òdìkejì. Ìdí nìyẹn tí erékùṣù náà kò fi rí bí erékùṣù mìíràn. Èèyàn lè jókòó sábẹ́ igi níbẹ̀, kí apẹja máa ju àwọ̀n níwájú rẹ̀, kí irin tí wọ́n ti tẹ́ láti ayé Lugard sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọwọ̀n ìrántí Mungo Park àti Richard Lander náà wà ní Jẹ́bà. Mungo Park kò kú síbẹ̀ o, Búsà lókè odò ló ti kú ní ọdún 1806, Búsà àtijọ́ ọ̀hún sì ti wà lábẹ́ omi Káńjì báyìí.

Èyí tó jọ pé àwọn ọmọ Yorùbá kò gbọ́ rí nínú gbogbo rẹ̀ ni ti àwọn ère. Àwọn Tápà ń pa ìtàn Tsoede, ẹni tí wọ́n ní ó gba Ìdá sá wá, tó gun ọkọ̀ idẹ, tó sì kó ère idẹ dání. Lára àwọn ère tí wọ́n ń kà sí tirẹ̀ ni àwọn tí wọ́n bá ní erékùṣù Jẹ́bà fúnra rẹ̀ àti ní Tádà, abúlé kan ní ìsàlẹ̀ odò náà ní ìpínlẹ̀ Kwárà. Èyí tó lókìkí jù nínú àwọn ti Tádà ni ọkùnrin kan tó jókòó, tó ká ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. Kò ga tó mítà kan, nǹkan bí ìdajì mítà péré ni, bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lábùlà ni wọ́n fi rọ ọ́, ó sì ti tó bí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́fà sí méje tí wọ́n ti ṣe é. Láyé ìgbà kan, àwọn ará Tádà máa ń gbé e lọ sétí odò ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n á fi yanrìn fọ̀ ọ́, kí ẹja lè pọ̀, kí àwọn ìyàwó wọn sì lè bímọ. Àwọn onímọ̀ tó yẹ ère náà wò sọ pé bí ó ṣe rí lára jọ iṣẹ́ ọwọ́ Ilé-Ifẹ̀ láyé àtijọ́. Ní ọdún 2010, nígbà tí wọ́n pàtẹ àwọn ère Ifẹ̀ ní British Museum ní London, òun náà wà lára ohun tí wọ́n gbé lọ, àwọn òyìnbó sì tò láti sanwó wò ó. Ọwọ́ àjọ tó ń bójú tó musíọ̀mù ilẹ̀ Nàìjíríà ló wà. Báwo ni iṣẹ́ tó jọ ti Ifẹ̀ ṣe dé àárín àwọn Tápà létí Odò Ọya? Ìbéèrè yẹn nìkan tó fún ìrọ̀lẹ́ kan létí odò, pàápàá bí ọmọ Tápà kan àti ọmọ Yorùbá kan bá jókòó tì í.

Ohun tí Gorée ṣe

Ìtàn nìkan kì í pa owó wọlé. Ní orílẹ̀-èdè Senegal, erékùṣù kékeré kan tó ń jẹ́ Gorée wà ní ẹnu òkun Dakar. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi hẹ́kítà 28 lọ, mọ́tò kì í rìn níbẹ̀, kò sì sí epo tàbí góòlù lábẹ́ rẹ̀. Ìtàn òwò ẹrú ló ní. UNESCO kọ ọ́ mọ́ ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú ní ọdún 1978, láti ìgbà náà ni àlejò sì ti ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti gbogbo àgbáyé. Ohun tí oníṣòwò yẹ kó fojú sí ni pé ọkọ̀ ojú omi tó ní àkókò ló ń gbé wọn lọ. Ogún ìṣẹ́jú tàbí kó lé díẹ̀ ni láti Dakar, ẹni tó bá sì lọ ti mọ ìgbà tí òun máa padà. Nítorí pé wọ́n mọ ìgbà tí àlejò ń dé, obìnrin tó ń dín ẹja mọ ìgbà tó yẹ kó dáná, ẹni tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó pàtẹ, ẹni tó ń mú àlejò káàkiri sì mọ ìgbà tó yẹ kó dúró sí èbúté.

Ìyàtọ̀ tó wà láàrin Gorée àti Jẹ́bà nìyẹn. Àlejò tó bá dé Jẹ́bà lónìí ni yóò fúnra rẹ̀ wá ọlọ́kọ̀ ojú omi, òun ni yóò ná owó, òun ni yóò béèrè ẹni tó mọ ìtàn, bí ebi bá pa á, yóò padà sójú títì. Kò sí ẹni tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ síbi kan, tó fi iye lé e, tó sì dá ọjọ́ fún un.

Ijọba ti náwó sí agbègbè náà rí, ó sì pọ̀. Iléeṣẹ́ ìwé Jẹ́bà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1969, àmọ́ ní àwọn ọdún 1990 ni ẹ̀rọ rẹ̀ dákẹ́. Ìdídò Jẹ́bà tó ń fún ilé àti ṣọ́ọ̀bù níná bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1985, agbára rẹ̀ lé ní mẹ́gáwáàtì 570. Ńláńlá ni gbogbo wọn, kò sì sí èyí tó ṣí ọ̀nà fún ẹni tó ní bọ́ọ̀sì kan tàbí ìkòkò ọbẹ̀ mẹ́rin. Ìsinmi orí omi yàtọ̀. Ẹni tó ní bọ́ọ̀sì kan àti ìkòkò ọbẹ̀ mẹ́rin ló yẹ fún.

Iye tó yẹ kó wọlé

Àṣìṣe tí oníṣòwò lè kọ́kọ́ ṣe ni kó sáré lọ ra ọkọ̀ ojú omi. Àpẹẹrẹ ìṣirò kan nìyí, kì í ṣe iye ọjà gan-an. Ká ní ọkọ̀ gba èèyàn méjìlá, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan san 2,000 náírà láti yí erékùṣù àti òkúta Ketsa ká, 24,000 náírà ló wọlé. Bí epo bẹntiróòlù bá gba 6,000, tí atukọ̀ gba 5,000, tí ẹni tó ń sọ ìtàn gba 3,000, ó ku 10,000. Bí ó bá lọ lẹ́ẹ̀mejì ní gbogbo Sátidé, láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kẹta, tí í ṣe nǹkan bí ogún Sátidé, owó tó kù jẹ́ 400,000 náírà. Ó dára létí. Àmọ́ bí èèyàn mẹ́fà péré bá wọlé, 12,000 ni wọn yóò san, bẹ́ẹ̀ ìnáwó ṣì jẹ́ 14,000. Ọlọ́kọ̀ ti jẹ gbèsè 2,000 kó tó dé èbúté, kò sì tíì ro ti àtúnṣe ẹ́ńjìnnì.

Ìyẹn ni pé àga tó ṣófo ló ń pa irú òwò yìí, ìdí sì nìyẹn tí òwò náà fi jẹ́ ti Ìlọrin ju ti Jẹ́bà lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ ta tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn èèyàn sì ń bẹ n'Ílọrin: ẹgbẹ́ aṣerunlóge, ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ, ẹgbẹ́ ọmọlẹ́bí, ilé-ìwé aládàáni tó ń wá ibi tí yóò kó àwọn ọmọ lọ, ẹgbẹ́ aláàsáláátù, ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọ̀dọ́ yunifásítì tó wà ní Táńkẹ̀. Ẹni tó bá lè kó èèyàn méjìlá jọ, kó gba ìdajì owó lọ́wọ́ wọn kí ọjọ́ tó pé, kó wá lọ háyà ọkọ̀ lọ́wọ́ Tápà tó ti ní i tẹ́lẹ̀, kò ra ohunkóhun, gbèsè kò sì lè wọlé tọ̀ ọ́. Bí èèyàn mẹ́fà péré bá forúkọ sílẹ̀, yóò sún ọjọ́ náà síwájú, yóò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn ní tààràtà.

Ọ̀nà mìíràn tún pọ̀ nínú ẹ̀. Obìnrin tó ń se oúnjẹ fún ìnáwó n'Ílọrin lè bá obìnrin kan ní Jẹ́bà da ọ̀rọ̀ pọ̀, kí tìhín gbé ìrẹsì àti ata lọ, kí tọ̀hún pèsè ẹja àrọ̀ àti ẹpìyà. Ayàwòrán tó ń dúró de ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé nìkan lè bá wọn lọ. Ẹni tó ní yàrá méjì tó ṣófo nílùú Jẹ́bà lè kun ún, kó ra matiráàsì tuntun, kó sì rí i pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́, nítorí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yìí gan-an ni àwọn obìnrin máa ń bèèrè kí wọ́n tó bèèrè oúnjẹ. Aṣọ òkè Ìlọrin àti ìkòkò amọ̀ tí àwọn ìyá ń mọ n'Ílọrin náà lè dé èbúté kí àlejò tó ti ibòmíràn wá rí i rà. Bí àwọn mẹ́rin márùn-ún bá fi èésú kó owó jọ fún un, wọn kò nílò láti dé ẹnu ọ̀nà báńkì kankan.

Ohun kan wà tí kò yẹ kí wọ́n fi ṣeré. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ onígi kan tó ń kó àwọn tó lọ síbi ìgbéyàwó bọ̀ dànù lórí Odò Ọya ní agbègbè Pàtígì, níbi tí àwọn Kwárà ti ń ṣe eré ìje ọkọ̀ ojú omi tó lókìkí. Àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Èrò pọ̀ jù nínú ọkọ̀ náà, jákẹ́ẹ̀tì tó ń gbé èèyàn léfòó lójú omi kò sì sí. Ẹni tó bá fẹ́ gbé àlejò lórí omi yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ra jákẹ́ẹ̀tì náà kó tó ra ohunkóhun mìíràn, kí olúkúlùkù wọ̀ ọ́ kí ọkọ̀ tó ṣí, ọmọdé àti àgbà, ẹni tó mọ̀wẹ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni kẹtàlá tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ènìyàn méjìlá, kí wọ́n dá a padà, bó tilẹ̀ jẹ́ àbúrò ọlọ́kọ̀. Ọjọ́ kan tí ọkọ̀ bá dànù, òwò náà tán pátápátá, kì í ṣe ti ọlọ́kọ̀ nìkan.

Omi náà ní àkókò tirẹ̀. Oṣù Kẹjọ dé oṣù Kẹwàá ni òjò máa ń kún un, tí àwọn tó ń bójú tó ìdídò Káńjì àti ti Jẹ́bà sì lè tú omi sílẹ̀. Ọdún 2012 àti 2022 ni àwọn ará ìsàlẹ̀ odò kò tíì gbàgbé. Ọyẹ́ ló dára jù, láti oṣù Kọkànlá lọ, òòrùn kì í mú jù nígbà náà, ojú ọ̀nà sì gbẹ. Síbẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀ ni kí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí omi ṣe rí lọ́sẹ̀ náà, nítorí ọ̀tọ̀ ni omi tí ìdídò ń darí.

Ọ̀rọ̀ ààbò náà kò ṣeé fẹnu bò. Ní ọdún 2025, àwọn ajínigbé da àwọn abúlé kan láàmú ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, Ẹdu àti Pàtígì, wọ́n tilẹ̀ pa àwọn fijilanté ní Òkè-Òdè ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ìfẹ́lódùn yìí ni ìṣàn omi Òwu wà, tí àwọn ilé-ìwé ti ń kó ọmọ lọ wò láti ọjọ́ pípẹ́. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kó èrò lọ sí Tádà tàbí sí ìgbèríko mìíràn láìkọ́kọ́ bèèrè lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá àti àwọn baálẹ̀ ibẹ̀. Ojú ọ̀nà márosẹ̀ Ìlọrin sí Jẹ́bà ni kí awakọ̀ máa tọ̀, kó jẹ́ ojúmọmọ, kí wọ́n kúrò n'Ílọrin lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀. Ojú ọ̀nà náà ti fìyà jẹ tírélà àti táńkà fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ọ̀kan bá sì yí dànù síbẹ̀, ìrìn wákàtí méjì lè di márùn-ún. Ẹni tí kò bá ní sùn ní Jẹ́bà gbọ́dọ̀ ti dojú kọ Ìlọrin ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Ti ọkọ̀ ojú irin ńkọ́? Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Èkó lọ sí Kánò gba ibẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, ṣùgbọ́n kì í rìn déédéé, nítorí náà ibùdókọ̀ ojú irin Ìlọrin ni kí èèyàn ti lọ wádìí kó tó fọkàn sí i.

Bí àlejò bá dé, ilé olórí àdúgbò ni kó kọ́kọ́ yà sí, kó kí i, kó sì sọ ohun tó bá wá. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú àwọn Tápà erékùṣù náà, nítorí náà kí aṣọ bo ara, kí wọ́n má sì gbé igò ọtí wọ ibẹ̀. Àfárá ojú irin àti ìdídò jẹ́ ohun tí ìjọba ń ṣọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ya fọ́tò wọn láìgba àyè, àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ kì í ṣàwàdà. Ẹni tó bá fẹ́ wọ inú ìdídò gan-an ní láti kọ lẹ́tà síbẹ̀ ṣáájú.

Fún oníṣòwò tó ń bẹ̀rù àtiti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Jímọ̀ sí Àìkú tó fún Jẹ́bà. Kó yan ọ̀sẹ̀ tí ọjà ti ń rọ̀ lẹ́yìn ọdún, bíi ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìíní, nígbà tí àwọn oníbàárà ti san owó ilé-ìwé tán, tí kò sí ẹni tó ń rà. Kó kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú pé ọjọ́ báyìí lòun máa ṣí padà, kó fi nọ́ńbà fóònù sí i. Kó kó owó kẹ́ṣì dání, kò yẹ kó gbẹ́kẹ̀ lé POS àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì erékùṣù. Kó mú omi mímu, oògùn ibà, àwọ̀n ẹ̀fọn, tọ́ọ̀ṣì àti fìlà. Ẹja gbígbẹ tí yóò kó bọ̀, ọjọ́ Àìkú tó ń padà bọ̀ ni kó rà á, kó má rà á lọ́jọ́ tó dé, kí gbogbo ẹrù rẹ̀ má baà máa rùn lọ títí dé Ìlọrin.